Pátákó Tí Mo Kọ́ Bí Wọ́n Ṣe Ń Sàba

Dúpẹ́, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ èyí. Èmi kò mọ̀wé, n kò sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀. Mo ti rí ohun tí àwọn tó mọ̀wé fi ìwé wọn ṣe. Wọ́n ta okùn sí àárín títì, wọ́n gbé àgbá méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ní orílẹ̀-èdè ló parí síbẹ̀ yẹn.

Ìtàkété ni wọ́n bí mi sí, ní apá ọ̀hún ibodè, níbi tí àwọn Faransé ti jọba. Èdè kan náà ni èmi àti ará Ìlaròó ń sọ. Ewúrẹ́ wa àti ewúrẹ́ wọn ń gun ara wọn láìbéèrè ìwé ìrìnnà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ mi kú, tí ọmọ mi obìnrin ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun àti ọkọ òun ní Ìlaròó, ọjọ́ tí mo débẹ̀ ni mo di "Màmá Kutonu". N kò gbé Kutonu rí. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo débẹ̀ láyé mi, orí sì fọ́ mi nígbà méjèèjì.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nílé ọmọ mi ni pé wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì lé ajá. "Gò áwéè!" Ajá Yorùbá, tí ìyá rẹ̀ kò rìn kọjá ẹ̀yìnkùlé rí! Ohun kejì ni ìjókòó. "Ẹ jókòó, Màmá." "Ẹ fi ìgbálẹ̀ yẹn sílẹ̀, Màmá, ẹ jókòó." Mo jókòó títí ìdí mi fi fẹ́ ta gbòǹgbò. Nílé wa, mo ń jí pẹ̀lú ẹtù, mo ń wá wọn kiri inú igbó, mo mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń yé sí. Ní Ìlaròó, wọ́n gbé àga fún mi bí ẹni gbé ère sílẹ̀.

Ẹ̀rín sì pọ̀ lẹ́nu wọn. Lọ́dọ̀ wa, iná mọ̀nàmọ́ná là ń pè ní kúràǹ. Mo bi ọmọ mi lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé kúràǹ ti dé?" Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí tíì tó ń mu fi gba imú rẹ̀ jáde. Olùkọ́ ni ọkọ ọmọ mi yìí, ó tún ń ka Bíbélì fún ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi. Bàbá Dúpẹ́ là ń pè é. Mo ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ nítorí ilé rẹ̀ ni mò ń gbé. Nínú ikùn mi, "ìwọ" ni. Dúpẹ́, kọ ọ́. Bàbá rẹ ni, mo mọ̀. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n máa ń kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ iná wẹ́wẹ́ nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Tíṣà Fúnkẹ́ ló ń kọ́ wọn, ọmọbìnrin tó ń ṣe olùkọ́ sáyẹ́ǹsì nílé ìwé Bàbá Dúpẹ́. Dúpẹ́ ń lọ, bàbá rẹ̀ ń lọ, mo bá tẹ̀ lé wọn. Bí ìjókòó náà ni mo máa jókòó, kí n lọ jókòó níbi tí ojú ti ń rí nǹkan.

Wọ́n gbé pátákó kan jáde. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, irin wẹ́wẹ́ kún ara rẹ̀ bí èèmọ́. Wọ́n ní béèyàn bá ti inú kọ̀ǹpútà fún un ní àṣẹ, yóò gbà á sínú, yóò sì máa ṣe é títí ayé. Wọ́n ní ó gbọ́n. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, n kò rí ibi tí ọpọlọ wà.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún un ni pé kí iná kékeré kan máa ṣẹ́jú. Ìyẹn nìkan. Kó tàn, kó kú, kó tàn, kó kú. Àwọn àgbàlagbà ènìyàn pàtẹ́wọ́. Bàbá Dúpẹ́ ní, "Ògo ni fún Ọlọ́run!"

Mo ní, "Ṣé kì í ṣe ohun tí iná ìjọba yín ń ṣe lójoojúmọ́ nìyí? Ta ló ń pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn?"

Tíṣà Fúnkẹ́ rẹ́rìn-ín débi pé ó wá àga jókòó. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó mú pátákó kan wá fún mi. "Màmá, tiyín nìyí. Ẹ máa wá síwájú, ẹ yé jókòó lẹ́yìn."

Nígbà yẹn, mo ṣì ń lọ sílé, mo ń bọ̀. Bí ìlú bá sú mi, màá gba Owódé dé Ìdí-Ìrókò, màá sọdá, kí oòrùn tó kan àtàrí mo ti wà lọ́dọ̀ Àìná, àbúrò mi, tí mo fi àwọn ẹtù mi tì. Ẹtù ìyá mi ni wọ́n. Àyà wọn funfun bí ẹni da ìyẹ̀fun sí i, n kò rí irú rẹ̀ níbòmíràn. Ìyá mi gbé wọn wá sílé ọkọ, wọ́n ń yé, wọ́n ń pa, títí wọ́n fi kàn mí. Lẹ́ẹ̀kan tí mo lọ, mo gbé ẹyin mọ́kànlá bọ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ tí mo da èèrí ọkà sí. Mo fẹ́ kí nǹkan ilé wa máa ké ní ẹ̀yìnkùlé tí mò ń gbé. Ẹtù kò mọ ẹyin jókòó tì, alárìnká ni, nítorí náà mo kó ẹyin náà sábẹ́ àgbébọ̀ adìẹ ọmọ mi. Adìẹ náà sàba lé wọn bí ẹni pé òun ló yé wọn.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, wọ́n ti ibodè.

Wọ́n ní nítorí ìrẹsì ni. Wọ́n ní nítorí tòlótòló oníyìnyín. Ẹ wo àgbà ìjọba tó ń bá tòlótòló jà! Mo ní kí Dúpẹ́ pe Àìná lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo lẹ ń bọ̀?" Mo ní, "Bí orí àwọn ènìyàn yìí bá ti pé." Ó ní, "Àfi kí ẹ yáa kọ́lé síbẹ̀." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí fóònù kú, mo rí i pé mo ṣì gbé e sétí.

Àwọn àgbà ní adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Èmi rò ó síwájú. Okùn kò ní ara tó fẹ́ rọ̀ ọ́. Adìẹ nìkan ló ń gbọ̀n.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Tíṣà Fúnkẹ́ kọ́ wa bí pátákó ṣe lè mọ ooru. Irin kan ni, ó gùn bí ìka ọwọ́, wáyà mẹ́ta ló jáde nídìí rẹ̀. Ìka là ń pè é. Tíṣà ní, "Ẹ ki wáyà pupa bọ ihò tí agbára ti ń wá. Ẹ ki dúdú bọ ihò ilẹ̀. Èyí tó kù, ihò nọ́ńbà méje."

Mo wo wáyà mi. Méjì ló pupa. Ọ̀kan pupa bí ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan pupa bí iyeye. Mo mú ti iyeye nítorí òun ló mọ́lẹ̀ jù, agbára sì ni wọ́n sọ. Pátákó gbogbo ènìyàn ń ka ooru lójú kọ̀ǹpútà, tèmi yadi.

Bàbá Dúpẹ́ na ọrùn wò ó. "Màmá! Yẹ́lò nìyẹn! Ṣé wọn kò mọ yẹ́lò ní Kutonu?" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ni yẹ́lò?"

"Yẹ́lò, Màmá. Yẹ́lò!"

"Mo gbọ́. Pè é lédè baba yín."

Ó yíjú sí Tíṣà Fúnkẹ́ fún ìrànlọ́wọ́. Mo ní, "Epo pupa ńkọ́? Kí ni àwọ̀ rẹ̀? Ìgbín tó pupa, ènìyàn tó pupa, ọsàn tó pọ́n, ṣé àwọ̀ kan náà ni? Ẹ ní pupa, mo mú pupa. Ìwọ tó o gbọ́n, pupa wo?" "Ìwọ" ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. N kò gbé e mì padà.

Tíṣà Fúnkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀bi mi ni. Ẹ jẹ́ ká tún un pè." Láti ọjọ́ náà, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, pupa ẹ̀jẹ̀ lọ sí agbára, pupa iyeye lọ sí nọ́ńbà méje, dúdú lọ sílẹ̀. Títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Èmi tí n kò mọ̀wé ni mo kọ́ wọn.

Àárín ọ̀sẹ̀ ni Àìná pè. Bó ṣe ní "Ẹ̀gbọ́n mi" ni mo ti mọ̀.

"Àrùn lúkúlúkú jà ládùúgbò. Ó kó adìẹ gbogbo ilé."

"Àwọn ẹtù ńkọ́?"

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń gúnyán lẹ́yìn rẹ̀. "Kò ku ẹyọ kan, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo sin wọ́n sídìí ọsàn."

Mo jáde lọ bá adìẹ níbi tó ti ń sàba. Ó wò mí, ó wú ìyẹ́ sí mi. Mo ní, "O ṣeun, má dìde." Ẹyin mọ́kànlá tó wà lábẹ́ rẹ̀ nìkan ló kù nínú ohun tí ìyá mi gbé wá sílé ọkọ. Bí wọn kò bá pa, ó tán nìyẹn.

Ọjọ́ kọkànlá tí adìẹ jókòó, mo lọ kí ìyá ọmọ tuntun kan ní Ìlóbì. Nígbà tí mo padà dé lọ́sàn-án, mo rí ìyẹ́ nílẹ̀. Mo rí ìkòkò lórí iná. Mo rí ẹyin mi ní ìhòhò.

"Bàbá Dúpẹ́, adìẹ tó ń sàba ńkọ́?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Àlùfáà àgbà ń bọ̀ lálejò. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí tòlótòló oníyìnyín mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ibodè. Adìẹ yẹn ti sanra. Ó kàn jókòó sójú kan ni, kò ṣiṣẹ́ kankan."

Ẹ gbọ́ o. Kò ṣiṣẹ́ kankan. Adìẹ tó ń sàba kì í sanra. Ó ń rù, ìyẹ́ rẹ̀ ló ń wú. Ọmọdé ọdún mẹ́rin mọ ìyẹn nílé wa, ọkùnrin tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé kò mọ̀ ọ́n.

Mo ní, "Èmi náà jókòó sójú kan nínú ilé yín. Ẹ kò ṣe pa mí mọ́ ọn?"

Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. N kò dúró gbọ́. Mo gbé ẹyin náà sí ìpéǹpéjú mi níkọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni ìyá mi fi ń mọ ẹyin tó wà láàyè. Ooru ṣì kù nínú wọn díẹ̀. Mo fi ìborùn di wọ́n mọ́ ikùn, mo ró ìró lé e, mo sì forí lé ilé Tíṣà Fúnkẹ́ bí aboyún oṣù mẹ́jọ. Bí a kò bá rí àdàn, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.

"Màmá, kí ló dé?"

"Mo fẹ́ kí pátákó yẹn sàba."

"Kò lè sàba, Màmá. Ohun tó lè ṣe ni kó mọ ooru, kó tan iná, kó ké."

"Adìẹ, kí ló ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

Ó wo ikùn mi. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Ó dáa. Ẹ sọ ọ́, kí n máa kọ ọ́."

Mo ní: Bí ẹyin bá tutù, ké. Bí ó bá gbóná jù, tan iná pupa. Pupa ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá rí bó ṣe yẹ, pa ẹnu rẹ mọ́. Lẹ́yìn náà, tún lọ wò ó, má sì dáwọ́ dúró.

Tíṣà Fúnkẹ́ gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. "Màmá, ta ló kọ́ yín? Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ gan-an nìyí."

Mo ní, "Bí wọ́n ṣe ń rán òmùgọ̀ níṣẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá gbọ́n, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún un."

A padà sílé ọmọ mi, páálí la fi ṣe ìtẹ́ náà. A da èèrí ọkà sí i, a gbé gílóòbù kan kọ́ sókè fún ìgbà tí iná bá wà. Bí iná bá lọ, ìkòkò omi gbígbóná tí mo fi aṣọ wé ni. Páwà báǹkì ló ń bọ́ pátákó. Tíṣà Fúnkẹ́ ní nọ́ńbà tó wà nínú ìwé òun ti pé, ooru ti tó. Mo mú ẹyin kan, mo fi kan ojú mi. Ó tutù.

"Pátákó rẹ ń purọ́."

"Màmá, kì í purọ́."

"Fi kan ojú rẹ."

Ó fi kàn án. Ó wo òkè, ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ gílóòbù ni òun fi ìka sí. Ooru gílóòbù ló ń kà. A fà á wálẹ̀ sí àárín ẹyin, níbi tí àyà adìẹ ìbá wà. Kíá, ó bẹ̀rẹ̀ sí ké. Píì! Píì! Mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Ojú rẹ ti là."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ríṣẹ́ ní Ìlaròó. Mo fi èédú sàmì sí ẹ̀gbẹ́ ẹyin kọ̀ọ̀kan, mò ń yí wọn pa dà láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Mo ń wọ́n omi sí ìtẹ́ náà. Bí pátákó bá ké, màá pààrọ̀ omi gbígbóná. Ó ń ké láàárín àdúrà òwúrọ̀. Bàbá Dúpẹ́ á la ojú kan. "Màmá, ẹ pa ẹ̀rọ yìí." Mo ní, "Ẹ̀yin ẹ fi àdúrà yín mọ síbẹ̀. Ẹyin tutù."

Àwọn aládùúgbò ń wá wòran. "Màmá Kutonu ń fi wáyà pa ẹyin." Ẹnì kan bi mí bóyá iná yóò máa tàn nínú ojú àwọn ọmọ ẹtù náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn yóò sì máa sọ Gẹ̀ẹ́sì, bí ajá ilé yìí.

Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n pa nígbà tí ewúrẹ́ kan wọlé, ó fi orí kọlu páálí. Ẹyin kò fọ́, ṣùgbọ́n wáyà ìka já kúrò lára pátákó. Tíṣà Fúnkẹ́ ti lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ní Ayétòrò. Dúpẹ́ ti bá ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Bàbá Dúpẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó wo wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó wo ihò pátákó bí ẹni wo ojú àjèjì. "Màmá, ẹ jẹ́ ká dúró de Tíṣà di ọjọ́ Ajé."

Ọjọ́ Ajé! Mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ń kà á sókè bí mo ṣe ń kì wọ́n bọ̀ ọ́: pupa ẹ̀jẹ̀, agbára. Pupa iyeye, méje. Dúdú, ilẹ̀. Mo dúró.

Píì!

Bàbá Dúpẹ́ nàró. Ó lọ gbé omi kaná. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tó wúlò.

Méje ló pa nínú mọ́kànlá. Mẹ́ta kò ní nǹkan nínú, ọ̀kan kú sínú èèpo. Bí wọ́n ṣe gbẹ ni mo gbé wọn sọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan tí mo ń wo àyà wọn. Funfun bí ìyẹ̀fun. Mo ní kí Dúpẹ́ pe Àìná, mo gbé fóònù sí ẹnu páálí kó gbọ́ igbe wọn. Mo gbọ́ tí Àìná ń pariwo orúkọ ìyá wa lọ́hùn-ún.

Mo tú wọn sílẹ̀. Mo ń pè wọ́n bí ìyá mi ṣe ń pe tirẹ̀, wọn kò dá mi lóhùn. Mo da ikán sílẹ̀ fún wọn, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n kẹ̀yìn sí mi. Àfi bí omi inú páálí ṣe tutù tí pátákó ní píì, ni gbogbo méjèèje bá sáré, wọ́n ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, wọ́n lọ kó jọ sábẹ́ pátákó náà. Inú èèpo ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Òun ni wọ́n mọ̀ ní ìyá.

Mo jókòó wò wọ́n pẹ́. Ohun tí kò ní ẹ̀jẹ̀, tí kò ní ìlú, tí n kò kà sí nǹkan kan! Mo ní, "Ó dáa. Ẹni tó jókòó tì yín ni."

Ó pẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹlẹ́sẹ̀ kọjá ní Ìdí-Ìrókò. Ẹtù ti di ẹtù. Mo fi mẹ́ta sílẹ̀ fún ọmọ mi, mo di mẹ́rin lẹ́sẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ láti gbé lọ fún Àìná, mo fi pátákó àti páwà báǹkì rẹ̀ sí àárín wọn. Okùn náà ṣì wà níbẹ̀. Aṣọ́bodè kan yọjú sínú apẹ̀rẹ̀, ó fò sẹ́yìn.

"Màmá! Kí ni oníwáyà yìí?"

"Ìyá wọn ni."

"Ẹ má fi mí ṣẹlẹ́yà o, Màmá."

Mo fi ìka ooru bọ inú ife omi tútù rẹ̀. Píì! Ẹtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin na ọrùn sí i, wọ́n sì fi igbe dá a lóhùn. Ó di orí mú. Ó ṣí ìwé kan, ó mú kálámù. "Ẹtù ìhín ni wọ́n, àbí tọ̀hún? Mo ní láti kọ ọ́."

Mo ní, "Ọ̀hún ni ẹyin wọn ti wá. Ìhín ni wọ́n ti pa. Ibi tí ìyá wọn ti wá, n kò mọ̀. Ẹ kọ èyí tó bá wù yín."

Ó wo ìwé. Ó wo ẹtù. Ó tún wo ìwé. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ mi, mo tẹ̀ wọ abẹ́ okùn, mo sì kọjá sí ilẹ̀ wa. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ó ṣì dúró síbẹ̀, ó gbé kálámù sókè, ó ń rò ó.

Pátákó mi ìbá ti dáhùn.